Ẹṣin Tí A Rà Ti Lórúkọ Kó Tó Dé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ gbọ́ tèmi náà mọ́ ọn. Jímọ̀ Àlàbí ni orúkọ mi, ọmọ Ìlọrin ni mí, ẹṣin ni mo sì ń tọ́jú ní Port Harcourt láti ọdún 1999 títí orúnkún mi fi ní òun ò ṣe mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ní ìlú tí gbogbo ayé ti ń sáré lé epo rọ̀bì, ta ló ń tọ́jú ẹṣin? Èmi ni. Mo fi iṣẹ́ náà tọ́ ọmọ mẹ́rin, mo sì ń fi í yangàn títí di òní. Ẹ má retí kí n wá máa sọ fún yín pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ẹṣin tó ń jẹ koríko, tó sì ń ta ènìyàn nípàá, lèmi mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí tó jẹ́ kí n mú bírò. Ràmọ́tù, àkọ́bí mi, ló wà nídìí iṣẹ́ náà báyìí. Ó ra ẹṣin funfun kan láti Kàdúná, ẹṣin tó ti sá eré ìje fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ní kó lọ sinmi. Orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀ ni Wàlíkíyà, ohun tí àwọn Hausa ń pe mànàmáná nìyẹn. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣègbéyàwó ní Rumuola fẹ́ gùn ún dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí ìyá ìyàwó béèrè orúkọ ẹṣin lọ́wọ́ Ràmọ́tù, tó sì gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ó fò sókè.

"Lightning ke? God forbid! My daughter no go climb lightning go marry. Abeg, change am!"

Ni Ràmọ́tù bá pè mí lórí fóònù ní Mgbuoba, níbi tí mo ń gbé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ máa pe ẹṣin yìí ní Prince. Kò sí wàhálà níbẹ̀, àbí? Shebi na just name."

"Ṣé o ti yí i padà?"

"Rárá o. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu yín."

"Má yí i. Mò ń bọ̀."

Ẹ̀rù bà mí gidi, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí ọmọ ọlọ́mọ gun ẹṣin yẹn láàárín èrò, ọmọ tèmi ni yóò sì mú ìjánu rẹ̀ dání. Mo sì ti fi ojú mi rí ohun tí orúkọ tí a ṣàdédé yí padà ṣe fún ẹsẹ̀ ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi wọ kẹ̀kẹ́ láìjẹ oúnjẹ àárọ̀.

Bàbá Sálámì ni ọ̀gá mi, ọmọ Ìlọrin bíi tèmi. Ó ní ilé ẹṣin kan lójú ọ̀nà Choba, ẹṣin mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo dé. Àwọn tó ń joyè, àwọn tó ń ṣègbéyàwó, àti àwọn tó ń sin òkú àgbà ló máa ń wá gbà wọ́n. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Iṣẹ́ bíríkìlà tí mò ń ṣe nílé ti dẹnu kọlẹ̀, ìyàwó ń bẹ, Ràmọ́tù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ẹbí wa kan ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Owó oṣù kéré, àmọ́ ó máa ń dé, ọ̀rọ̀ yẹn ò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àgbàlagbà tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń jìyà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko, Bàbá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí ẹṣin kankan. Ìgbẹ́ ni mò ń kó, koríko ni mò ń gé, omi ni mò ń pọn. Nígbà mìíràn, ó máa ń ní kí n kọjú sí ògiri, yóò wá mú ẹṣin kan rìn lẹ́yìn mi.

"Ta ló ń kọjá yẹn?"

Bí mo bá ní Dókì ni, tó sì jẹ́ pé Bàríkì ni, mo tún di ẹni tó ń kó ìgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà òjò, tí ilẹ̀ Port Harcourt bá di ẹrẹ̀ láti oṣù dé oṣù, pátákò ẹṣin máa ń jẹrà láti ìsàlẹ̀. Bàbá á ní kí n gbé ẹsẹ̀ ẹṣin sókè kí n fi imú gbọ́ ọ. Mo máa ń bì. Ó ní kí n bì tán kí n tún gbọ́ ọ, pé imú tó bá sá fún òórùn ò lè mọ àìsàn. Lónìí, mo lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n sọ fún yín pé pátákò ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ń bàjẹ́. Ẹni tó bá rò pé mò ń fọ́nnu, kó wá dán mi wò.

Ṣùgbọ́n ohun tó le jù lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Láràárọ̀, kí o tó da oúnjẹ fún ẹṣin kan, o gbọ́dọ̀ kí i lórúkọ. "Dókì, ṣé dáadáa lo jí?" Lọ́jọ́ kan, òjò ń rọ̀, mo yára da dúsà, èèrí ọkà tí wọ́n ń jẹ, sínú agbada mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láìkí ẹnikẹ́ni. Bàbá ní kí n kó gbogbo rẹ̀ jáde, kí n padà lọ sẹ́nu ọ̀nà, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tun. Àwọn ẹṣin ń wò mí bí ẹni pé mo ya wèrè.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin wa ló jẹ́ pé eré ìje ni wọ́n ti sá rí ní ilẹ̀ Hausa lọ́hùn-ún. Bí Bàbá bá ra ọ̀kan, kò ní gba orúkọ inú ìwé gbọ́. Yóò kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń fún ẹṣin náà lóúnjẹ níbi tó ti wá, yóò fi rán awakọ̀ tírélà màlúù. Ìbéèrè kan ló máa ń wà nínú lẹ́tà náà: kí lẹ máa ń pè é bí ẹ bá gbé oúnjẹ dé? Èsì lè pẹ́ ní oṣù kan. Bó bá dé, Bàbá á mú ẹfun, á kọ orúkọ náà sára ilẹ̀kùn yàrá ẹṣin, á sì kọ orúkọ ẹni tó tọ́ ọ sí abẹ́ rẹ̀.

Èmi náà gba orúkọ ní ìlú yẹn o. Gbogbo ẹni tó bá rí ọkùnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, Aboki ni wọ́n ń pè é. "Aboki, dis horse dey bite?" "Aboki, bring am make we snap." Ọ̀rẹ́ ni ìtumọ̀ Aboki lédè Hausa, nítorí náà mi ò bínú. Mo ń dá wọn lóhùn. Ẹni tó wá oúnjẹ wá sílé onílé kì í bá wọn jà lórí irú ìpè tí wọ́n ń pè é.

Ní ọdún kẹta mi ni Zàkí dé. Zàkí ni kìnnìún lédè Hausa. Ẹṣin pupa rúsúrúsú ni, àyà rẹ̀ gbòòrò, ó ti gba ife eré ìje rí, ó sì ti ń dàgbà. Èmi ni Bàbá fi sídìí rẹ̀. Ẹṣin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ pátápátá nìyẹn, orí mi sì wú kọjá ààlà. Mo ní ẹṣin tó dára tó báyìí kò gbọdọ̀ máa jẹ́ orúkọ tí mi ò sọ ọ́. Bí Bàbá bá ti lọ sílé, mo máa ń pè é ní Àjàní. Mo ṣe oríkì fún un. Mo ní kí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ má pè é ní Zàkí mọ́ lójú mi, mo sì ń fún un ní ṣúgà bó bá ti yíjú sí mi. Lójú tèmi, ó ti mọ orúkọ rẹ̀ tuntun. Ṣúgà ló mọ̀.

Ìjòyè kan fẹ́ joyè ní abúlé kan nítòsí Choba. Zàkí ni wọ́n gbé e gùn, èmi ni mo di ìjánu mú, Bàbá Sálámì ń rìn níwájú pẹ̀lú àwọn àgbà. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí tí wọ́n fi yin ìbọn àgbá fún oyè tuntun. Ilẹ̀ mì. Zàkí já ìjánu gbà lọ́wọ́ mi bí ẹni gba abẹ́bẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé, ó sì forí lé ojú ọ̀nà títì, níbi tí kẹ̀kẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀. Ìjòyè wà lórí rẹ̀, ó di gọ̀gọ̀ mú, fìlà ti fò lọ.

"Àjàní! Àjàní!"

Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ẹṣin ò yí etí kan padà. Ta ni Àjàní? Nínú ìdààmú, kò mọ ẹnìkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Sálámì ni mo rí láàárín ọ̀nà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì pè é ní ohùn tó fi ń pè é láràárọ̀, kò tilẹ̀ pariwo: "Zàkí. Zàkí, tsaya." Dúró nìyẹn. Mo rí i tí etí ẹṣin náà yí, mo rí i tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú wá ilẹ̀ tí yóò tẹ̀ dúró. Ó dúró, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti gbá Bàbá ṣubú kó tó dúró tán. Ìjòyè sọ̀kalẹ̀ láìní egbò kankan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá kán ní ojú méjì.

Nígbà tí mo lọ bá a ní ọsibítù, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò ní kí n dìde.

"Jímọ̀, mo gbọ́ ohun tí o ń pè. Ta ló ní kí o sọ ẹṣin yẹn lórúkọ?"

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ máà bínú. Mo rò pé kò burú ni. Ìyàwó tó bá wọlé, ṣebí òun náà máa ń sọ àwọn ọmọ ilé lórúkọ."

Ó yíjú sí mi.

"Ìyàwó á pe àbúrò ọkọ ní Ìbàdíàrán, á pe òmíràn ní Adúmáradán. Òótọ́ ni. Ṣé o ti rí ìyàwó tó ní kí ìyá ọmọ má pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ mọ́? Ìyàwó ń fún wọn lórúkọ nítorí ó mọ̀ pé òun ló dé gbẹ̀yìn. Ẹ̀rù ilé ló ń bà á. Ìwọ sọ Zàkí lórúkọ bí ẹni tó bí i. Nínú ayé ẹṣin yẹn, ta ló dé gbẹ̀yìn, ìwọ àbí òun?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Dìde. Lọ fún un lóúnjẹ. Kí o sì kí i dáadáa."

Mo sunkún lójú ọ̀nà, nínú ọkọ̀, lójú gbogbo èrò. Mo ti rò pé yóò lé mi dànù, bó bá sì lé mi, ó tọ́ sí mi. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní fún odindi ọdún kan, kí n máa mú Zàkí rìn kọjá ibi tí òun ti ṣubú yẹn láràárọ̀, kí n máa pè é lórúkọ rẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Mo ṣe é. Àwọn ará ibẹ̀ ní Aboki ti ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀. Bàbá fi ọ̀pá rìn títí ó fi padà sí Ìlọrin, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Kó tó lọ, ó kó gbogbo ìjánu tó wà nílé ẹṣin lé mi lọ́wọ́ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, èmi tí mo kán an lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹ̀bùn tí ẹnikẹ́ni fún mi rí tó tó ìyẹn.

Nǹkan yí padà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn náà. Gàárì tí à ń fi okùn rán fúnra wa di èyí tí a ń rà láti òkè òkun. Dókítà ẹran tí à ń dúró dè fún ọ̀sẹ̀ méjì di ẹni tó ń wo pátákò lórí fóònù. Nígbà tí èéfín dúdú epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí ìlú bí eruku, a máa ń fọ ẹṣin funfun láàárọ̀, á sì ti di aláwọ̀ eérú kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo kọ́ láti fi aṣọ tútù nu ihò imú wọn, mo sì fi kọ́ ẹlòmíràn. Lẹ́tà tó ń gba oṣù kan di ìpè ìṣẹ́jú kan. Nǹkan kan ṣoṣo tí mi ò jẹ́ kó yí padà ni ẹfun ara ilẹ̀kùn.

Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Èmi náà sọ̀kalẹ̀, Ràmọ́tù gùn ún. Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ jù mí lọ nínú ohun púpọ̀, mi ò kàn ń sọ fún un kó má baà gbéraga ni. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo sáré dé láti Mgbuoba, ilẹ̀kùn yàrá ẹṣin tuntun náà ṣófo. Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ìgbéyàwó náà ti kó òun lọ́kàn sókè, òun ò ráyè pe Kàdúná.

"Pè é kí n gbọ́," mo ní.

"Wàlíkíyà!"

Ẹṣin náà gbé orí sókè fìrì, ojú rẹ̀ fẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ halẹ̀, òógùn sì yọ lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ rí i? Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń ṣe báyìí. That's why mo fẹ́ yí i."

"Pe ẹni tó tọ́ ọ."

Ẹni tó ta ẹṣin náà fún wa ló fún wa ní nọ́ńbà ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bálà. Mo kí i lédè Hausa, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì bi í léèrè ohun tó máa ń pe Wàlíkíyà nígbà oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ yẹn, inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn nìkan ni wọ́n ti ń pè é, lọ́jọ́ eré, bí ẹgba bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí ẹṣin náà ni ìyá rẹ̀ kú, òun sì ni òun fi wàrà bọ́ ọ. Autà ni òun ń pè é. Àbíkẹ́yìn ni ìtumọ̀ rẹ̀.

"Ẹ gbé fóònù sí i létí," ó ní.

Ràmọ́tù gbé e sókè. Ohùn Bálà jáde gbọ̀ngbọ̀n: "Autà! Autà, zo!" Wá nìyẹn.

Ẹṣin náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Etí méjèèjì kọjú síwájú. Ó rìn wá, ó fi èjìká ti ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé imú lé fóònù náà, ó sì yán. Ohùn Bálà ti yàtọ̀ nígbà tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní ká bá òun máa wo ojú ọ̀tún ẹṣin náà, ó máa ń ṣepin nígbà ọyẹ́.

Ràmọ́tù ti ń nu ojú. Ó mú ẹfun láìjẹ́ pé mo ní kó mú un.

Ó ku ìyá ìyàwó. Ràmọ́tù pè é, ó ní Autà ni orúkọ ẹṣin.

"Auta? Wetin e mean?"

"Last born, Ma."

"Ehen! My pikin sef na last born. Make she climb am!"

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ aṣọ mi tó dára jù, mo tẹ̀lé wọn lọ sí Rumuola. Wọn ò ní kí n wá. Nígbà tí ìyàwó gun ẹṣin náà, tí Ràmọ́tù di ìjánu mú, mo lọ dúró sáàárín wọn àti ojú títì, pẹ̀lú ọ̀pá mi. Mo ti pinnu rẹ̀ láti ilé. Bó bá sá, èmi ló máa kọ́kọ́ bá, bó ṣe bá ọ̀gá mi.

Àwọn ọ̀dọ́ kan tan bángà tó ń dún bí ìbọn lẹ́bàá ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Ó dún gbàgà, gbàgà, gbàgà. Ẹṣin náà ta kìjí, ìyàwó figbe ta. Mo na ọwọ́ méjèèjì.

"Autà," Ràmọ́tù ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé oúnjẹ dé. "Autà, pẹ̀lẹ́."

Etí rẹ̀ yí sí i. Ó dúró. Ìyàwó rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n wọlé. Èmi nìkan ni mo ṣì na ọwọ́ mi láàárín ọ̀nà, onímọ́tò kan sì ń bi mí pé ṣé mo fẹ́ kú ni. Mo ń rẹ́rìn-ín ni, omi ń bọ́ lójú mi. Mo fẹ́ kí Bàbá Sálámì rí ọmọ yẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo dé ilé ẹṣin, mo bá ayàwòrán lórí àkàbà lẹ́nu géètì. ABOKI HORSES ló ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, nítorí orúkọ tí gbogbo ìlú mọ̀ nìyẹn. Ràmọ́tù ti ní kó pa á rẹ́, kó kọ òmíràn. Mo ní oníbàárà ò ní dá wa mọ̀ mọ́.

"Wọ́n á mọ̀ ọ́n," ó ní. "Bàbá, ta ló béèrè orúkọ yín nígbà tí ẹ dé?"

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ọ̀dà fi gbẹ. Chinedu, oníkẹ̀kẹ́ tó ti ń bá wa kó koríko láti bí ọdún mẹ́wàá, dúró lẹ́nu géètì, ó gbójú sókè.

"Aboki! Who be Jimoh Alabi? Una don sell this place?"

Mo ń wo Autà tó ń jẹun, mi ò yíjú. Ó tún orúkọ náà kà, díẹ̀díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Jimoh Alabi."

Ọrùn mi ti yí sí i kí n tó mọ̀.